Orúkọ ìdílé Crowther: níbo ni wọ́n ti wá gan-an, ṣé ẹbí àwa ará Òṣogbo ni wọ́n?

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun

Ẹ kú ilé o ẹ̀yin èèyàn wa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ kan. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin mú àfẹ́sọ́nà ẹ̀ wálé láìpẹ́ yìí, ọmọ dáadáa ni, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja kí bàbá wa, Yorùbá dá ṣáká lẹ́nu ẹ̀, gbogbo ilé ti ń dunnú kó tó di pé bàbá bi í pé ọmọ ta ni. Ló bá ní Crowther làwọn ń jẹ́. Bàbá ní "Kíráúdà? Agbo ilé wo nìyẹn?" Ọmọ náà fara balẹ̀ ṣàlàyé pé ọmọ Èkó làwọn, Ọlọ́wọ́gbowó, bàbá bàbá òun ló bá iṣẹ́ rélùwéè dé Òṣogbo tó fìdí kalẹ̀ sí apá Station Road, ibẹ̀ ni wọ́n bí bàbá òun sí.

Bàbá ò bínú o, ṣùgbọ́n ó ní a ò ní dá ọjọ́ mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ títí a ó fi mọ orísun wọn, ẹ sì mọ̀ pé ẹ̀tọ́ àgbà nìyẹn. Èyí tó wá dá kún un ni pé àbúrò bàbá wa kan ní Ọ̀tà-Ẹ̀fun ní ọmọ Òṣogbo ni Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther fúnra ẹ̀, pé ó lè jẹ́ pé wọ́n bá wa tan, a ò sì gbọ́dọ̀ fi ọmọ fún ẹbí. Ọ̀rọ̀ wá di méjì. Ṣé lóòótọ́ ni? Ṣé gbogbo ẹni tó ń jẹ́ Crowther ni ọmọ Bíṣọ́ọ̀bù? Kí ni orúkọ yẹn gan-an, níbo làwọn tó ń jẹ́ ẹ tún wà láyé? Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má fi ṣàwàdà, ọmọbìnrin yìí ò jẹun kánú mọ́.

Tíṣà Ìtàn Òkè-Fìà

Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Olúwa á jẹ́ kó já sí ayọ̀. Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ yọ Òṣogbo kúrò nínú ẹ̀, torí ọ̀rọ̀ yìí wọ́pọ̀ lẹ́nu àwọn èèyàn, mo sì ti gbọ́ ọ lẹ́nu akẹ́kọ̀ọ́ mi lọ́pọ̀ ìgbà. Ọ̀ṣóògùn ni wọ́n ti bí Àjàyí. Ọ̀ṣóògùn, apá Ìsẹ́yìn lọ́hùn-ún, ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ló wà lónìí. Àwa níbí, Láróòyè àti Tìmẹ́hìn la fi ń bẹ̀rẹ̀ ìtàn tiwa, odò Ọ̀ṣun ló gbà wá, ìlú méjèèjì ò pa pọ̀ rárá. Àti pé Ọ̀ṣóògùn ti tú lọ́dún 1821, nǹkan bí ogún ọdún ṣáájú ogun Òṣogbo tí àwọn Ìbàdàn ti dá àwọn ará Ìlọrin dúró nílẹ̀ wa níbí ní 1840. Torí náà ẹ sọ fún bàbá Ọ̀tà-Ẹ̀fun pé kí ọkàn wọn balẹ̀ lórí ìyẹn.

Bó ṣe lọ nìyí. Ogun kó Àjàyí, kó ìyá ẹ̀ Àfàlá àtàwọn àbúrò ẹ̀, ọmọdé ni, kò tíì tó ọmọ ogún ọdún rárá, nǹkan bíi méjìlá sí mẹ́tàlá. Wọ́n ń tà á látọwọ́ dọ́wọ́ títí tó fi bọ́ sọ́wọ́ àwọn Potogí ní etíkun. Oṣù kẹrin ọdún 1822, ọkọ̀ ogun ojú omi ìjọba Gẹ̀ẹ́sì já wọn gbà lójú òkun, wọ́n kó wọn lọ sí Freetown ní Sàró, ìyẹn Sierra Leone. Ibẹ̀ ló ti kàwé, ibẹ̀ ló ti gba ìgbàgbọ́, ọjọ́ tó ṣèrìbọmi ní 11 oṣù Disẹ́ńbà 1825 ni wọ́n sọ ọ́ ní Samuel Crowther. Orúkọ pásítọ̀ òyìnbó kan ni o, fíkà Christ Church ní àdúgbò Newgate ní London, ọ̀kan nínú àwọn tó wà nínú kọmití CMS, ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì ìjọ Áńgílíkà, láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ kankan ò pa òun àti Àjàyí pọ̀.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nígbà náà nìyẹn. Àwọn tí wọ́n ń já gbà kúrò lóko ẹrú pọ̀, àwọn míṣọ̀n á mú orúkọ ẹni tó ń dáwó fún iṣẹ́ ìwàásù, tàbí ti gómìnà, tàbí ti míṣọ́nnárì, wọ́n á fi sọ wọ́n. Ọmọ tí wọ́n bá sì gbé fún ìdílé kan tọ́ lè bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́ orúkọ ilé yẹn. Ibẹ̀ náà ni púpọ̀ nínú àwọn Macaulay, Johnson, Cole, Davies, Williams tí ẹ ń rí l'Ékòó ti wá. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í padà wálé láti nǹkan bí 1839, Bàdágìrì, Abẹ́òkúta àti Èkó ni wọ́n fìdí kalẹ̀ sí, Ọlọ́wọ́gbowó gan-an sì ni ilé àwọn Sàró, ìyẹn àwọn tó ti Freetown padà dé, l'Ékòó. Ohun tí ọmọ yẹn sọ fún yín bá ìtàn mu dáadáa. Àwọn ọmọ Sàró tó kàwé pọ̀ nínú akọ̀wé ìjọba àti rélùwéè àtijọ́, ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń bá orúkọ Èkó ní ìlú tí rélùwéè gbà kọjá, bíi Òṣogbo wa yìí, títí dé òkè ọya.

Kì í ṣe gbogbo Crowther la lè fi ọwọ́ sọ̀yà fún pé ọmọ Bíṣọ́ọ̀bù ni. Àwọn ọmọ ẹ̀ gan-an, a mọ díẹ̀ nínú wọn: Samuel kékeré tó kọ́ nípa ìṣègùn, Josiah tó ṣòwò, Dandeson tó di àlùfáà àgbà ní Bonny àti agbègbè ẹ̀, Abigail tó fẹ́ Macaulay. Àwọn ọmọ Abigail wá ń jẹ́ Macaulay, Herbert Macaulay tí wọ́n bí ní 1864 wà nínú wọn. Ẹ rí i pé ọmọ Bíṣọ́ọ̀bù wà tí kò jẹ́ Crowther, Crowther sì lè wà tí kò kan Bíṣọ́ọ̀bù.

Ọmọ Ọ̀ṣun ní Huddersfield

Ẹ káàbọ̀ sí ọ̀rọ̀ tó ń jẹ mí lọ́kàn pẹ́. Ìgbọ̀nà ni wọ́n ti bí mi o, ṣùgbọ́n ìlú oyìnbó ni mo ń gbé báyìí, Huddersfield, ní Yorkshire. Ẹ̀yin tí ẹ rò pé orúkọ Bíṣọ́ọ̀bù nìkan ni, ẹ wá wo ibí, ẹnu yín ò ní padé. Crowther wà lára ṣọ́ọ̀bù, wà lára òkúta ibojì, ọ̀gá kan ní ibi iṣẹ́ mi ń jẹ́ ẹ, òyìnbó pọ́ńbélé. Apá ìwọ̀-oòrùn Yorkshire yìí àti Lancashire tó fẹ̀gbẹ́ kàn án ni orúkọ yìí ti nípọn jù ní gbogbo England. Ìdílé Crowther kan ló ni ilé iṣẹ́ aṣọ òwú àgùntàn ńlá ní Marsden, ìtòsí wa níbí, láyé àtijọ́.

Ibi tí orúkọ yẹn ti ṣẹ̀ ló dùn mọ́ mi jù. Onílù olókùn ni. Ohun èlò orin kan wà tí àwọn ará Wales ń pè ní crwth, àwọn Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ pè é ní crowd, ẹni tó bá ń ta á ni crowder tàbí crowther. Mo ti rí ọ̀kan rí nínú mùsíọ̀mù, mo dúró tì í pẹ́. Pákó gígùn onígun mẹ́rin ni, apá òkè ẹ̀ ṣí sílẹ̀ lọ́tùn-ún lósì débi tí ọwọ́ lè wọ inú ẹ̀, okùn mẹ́fà ló wà lójú ẹ̀, mẹ́rin wọn la ń tẹ̀ ká, méjì yòókù ń gba ẹ̀gbẹ́ kọjá, àtàǹpàkò la fi ń ta àwọn yẹn, a óò wá fi ọrun fà á bíi gòjé. Igi kékeré tó gbé okùn dúró, ẹsẹ̀ ẹ̀ kan gba inú ihò ojú pákó wọlé lọ kan ẹ̀yìn gan-an. Ọgbọ́n wà lórí àwọn tó ṣe é, mo fi Ọlọ́run búra.

Nítorí náà Crowther àti Crowder, orísun kan náà ni. Àwọn tó kàwé ní Ifẹ̀ máa rántí Michael Crowder, òyìnbó tó kọ ìtàn Nàìjíríà, tó ti jẹ́ ọ̀gá ní Institute of African Studies níbẹ̀. Ìyá orúkọ kan náà ló bí i.

Lókè òkun yòókù wọ́n fọ́n káàkiri. Geoffrey Crowther ló ń ṣe olóòtú ìwé ìròyìn The Economist láti 1938 títí di 1956. Ní Amẹ́ríkà, Bosley Crowther fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe lámèyítọ́ fíìmù fún New York Times. Will Crowther, ará ibẹ̀ náà, wà lára àwọn tó ṣiṣẹ́ lórí ARPANET tó bí íntánẹ́ẹ̀tì tí a fi ń sọ̀rọ̀ yìí, òun náà ló sì kọ géèmù Adventure ní nǹkan bí 1976, géèmù tí kò ní àwòrán kankan, ọ̀rọ̀ lásán ni ẹ máa tẹ̀ tí kọ̀ǹpútà á fi dáhùn. Ní Ọsirélíà, ní erékùṣù Tasmania, William Crowther jẹ́ dókítà tó tún ṣe olórí ìjọba ibẹ̀ láàárín 1878 sí 1879. Ìyẹn burú o: wọ́n fẹ̀sùn kàn án pé ó jí agbárí òkú William Lanne, ọ̀kan nínú àwọn onílẹ̀ ibẹ̀, ní 1869, ère tí wọ́n ṣe fún un ní ìlú Hobart, ọdún 2024 ni àwọn kan gé e lulẹ̀. Ó dùn mí láti kà á, torí ẹni tí wọ́n bá sin, ó yẹ kó sinmi.

Àyàn Ọjà-Ọba

Háà! Ọmọ Ọ̀ṣun, ẹ ṣé gan ni, orí mi wú bí mo ṣe ń kà á. Ṣé onílù ni wọ́n! Ilé onílù ni wọ́n ti bí mi ní ìlú Òṣogbo yìí, ìdí nìyẹn tí mo fi ń jẹ́ Àyàn, bàbá mi Àyàn, bàbá bàbá mi Àyàn, àbúrò mi Àyántúndé, ọmọ mi Àyánwálé. Ibikíbi tí mo bá dé nílẹ̀ Yorùbá, bí mo ṣe ń dárúkọ ni wọ́n á ti mọ iṣẹ́ ilé wa, onílù ẹgbẹ́ mi tí mi ò mọ̀ rí á sì fún mi ní àyè jókòó. Àwọn ọlọ́dẹ ń jẹ́ Ọdẹ-, àwọn eléégún ń jẹ́ Ọ̀jẹ̀-, àwọn babaláwo ń jẹ́ Ifá-, àwọn ọlọ́ṣun tiwa níbí ń jẹ́ Ọ̀ṣun-. Ọ̀nà kan náà ni àwọn òyìnbó yẹn gbà láyé àtijọ́.

Ibi tó ti yàtọ̀ ni pé tiwọn dúró sójú kan, ẹni tí kò fọwọ́ kan okùn rí ṣì ń jẹ́ Crowther. Tiwa, a máa ń so Àyàn mọ́ nǹkan tuntun fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ni. Ìgbà tí ilé ìwé dé tí wọ́n ní kí kálukú mú orúkọ bàbá ẹ̀ wá kọ sínú rẹ́jísítà ni gbogbo ẹ̀ dàrú, ọmọ ìyá kan náà ló wà nínú agbo ilé wa tí wọ́n ń jẹ́ orúkọ ìdílé mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ìdí tí mo fi ń sọ èyí ni pé kí bàbá yín má ṣe gbé e karí orúkọ tó wà nínú ìwé. Oríkì orílẹ̀ ni kí wọ́n bèèrè lọ́wọ́ àwọn ẹbí ọkọ, kí wọ́n bèèrè èèwọ̀ ilé wọn. Bí ìyá àgbà kan bá wà láyé nínú wọn, ẹ jẹ́ kó kì ọmọ yẹn, ẹ̀yin náà ẹ tẹ́tí.

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun

Ẹ ṣeun ẹ ṣeun, Ọlọ́run á bá mi san án fún yín. Mo ka ti Tíṣà fún bàbá lóru àná, wọ́n ní kí n tún un kà, ti Ọ̀ṣóògùn yẹn ló tẹ́ wọn lọ́rùn jù. Mo ti pe ọmọ náà lórí fóònù, ó ní ìyá àgbà wọn ṣì wà ní Èkó, pé gbogbo ọkùnrin ilé wọn ló ní Àjàyí láàárín orúkọ wọn bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn ò dojúbolẹ̀ wáyé. Ìyá yẹn máa ń kì wọ́n ní "Àjàyí ògídí olú", òun rò pé oríkì ilé wọn ni. Ṣé ìyẹn tó ẹ̀rí? Ṣé ìwé kankan wà tí a lè wò?

Tíṣà Ìtàn Òkè-Fìà

"Ògídí olú" ò tó, ẹ̀gbọ́n. Gbogbo Àjàyí ni wọ́n ń kì bẹ́ẹ̀, oríkì àmútọ̀runwá ni, Àyàn máa bá mi gbè é lẹ́sẹ̀. Ṣùgbọ́n pé wọ́n ń gbé Àjàyí kiri láti ìran dé ìran láìjẹ́ pé ọmọ dojúbolẹ̀, ìyẹn tọ́ka sí nǹkan, ẹ má ṣe fojú kéré ẹ̀. Ẹ bi ìyá àgbà bóyá wọ́n mọ Ìsẹ́yìn tàbí Ọ̀ṣóògùn, bóyá iṣẹ́ aṣọ híhun wà nínú ìtàn wọn, torí ahunṣọ ni bàbá Àjàyí. Wọ́n tún ní ìran Aláàfin Abíọ́dún ni ìyá ẹ̀. Abẹ́òkúta ló ti padà rí ìyá náà ní 1846, ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n lẹ́yìn tí ogun ti yà wọ́n, ìtàn bẹ́ẹ̀ kì í tètè kúrò lẹ́nu ẹbí.

Kí ẹ tún bèèrè bóyá ẹ̀ka kan nínú wọn ti yí orúkọ padà, torí ọ̀pọ̀ Sàró ló jùnù orúkọ òyìnbó nígbà tó yá. Mọ́jọlá Àgbébí, ọmọ tí wọ́n bí sí Iléṣà ní 1860, David Brown Vincent ló ń jẹ́ títí di 1894. Bí bàbá ọmọ yín bá ní ẹ̀gbọ́n tó ń jẹ́ orúkọ míì, ẹ má ṣe rò pé irọ́ ni wọ́n ń pa.

Ní ti ìwé: rẹ́jísítà ìrìbọmi àti ìgbéyàwó ní ṣọ́ọ̀ṣì tí bàbá bàbá ẹ̀ ń lọ l'Ékòó ni kí wọ́n kọ́kọ́ wò. Lẹ́yìn náà, National Archives tó wà nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn, wọ́n ní ìwé CMS ilẹ̀ Yorùbá lọ́pọ̀ yanturu, lẹ́tà àwọn míṣọ́nnárì àti ìròyìn iṣẹ́ wọn, àyẹ̀wò ojú ẹni ni, wọn ò ní jẹ́ kí ẹ gbé e jáde. Ẹ mú orúkọ bàbá bàbá náà lọ ní kíkún, pẹ̀lú orúkọ ìyàwó ẹ̀ kó tó lọ sílé ọkọ àti ọdún tí wọ́n rò pé ó dé Òṣogbo. Ìwé ìdánimọ̀ yín náà ò gbọ́dọ̀ gbélé. Ẹ tètè dé ibẹ̀ láàárọ̀, torí ó máa ń pẹ́ kí wọ́n tó gbé fáìlì jáde.