Ọmọ mi fẹ́ kópa nínú ìdíje kódù lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àkókò sì ń tán mọ́ ọn lọ́wọ́: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ìyá akẹ́kọ̀ọ́ (oníbéèrè):
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ẹgbẹ́ wa. Ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún 15, ti ń kọ́ Python, èdè tí wọ́n fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, bọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ó ti fi ṣe géèmù kéékèèké, ó sì fẹ́ràn rẹ̀ débi pé mo máa ń lé e kúrò nídìí kọ̀ǹpútà kó tó lọ sùn. Ní báyìí, ó fẹ́ forúkọ sílẹ̀ fún USACO, ìdíje kódù àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama. Ó wá lọ gbìyànjú ìbéèrè àtijọ́ wọn. Ètò tó kọ mú ìdáhùn tó tọ́ jáde fún àpẹẹrẹ tó wà nínú ìbéèrè, àmọ́ nígbà tó fi ránṣẹ́, ó yege nínú díẹ̀ lára àwọn ìdánwò tí wọ́n fi yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n kọ ìyókù, wọ́n ní ètò náà ti pẹ́ ju àkókò tí wọ́n fún un lọ. Ọmọ náà sunkún. Ó ní bóyá kódù kì í ṣe tòun. Èmi ò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀, mi ò mọ ohun tí mo lè fi tù ú nínú. Ṣé kó fi Python sílẹ̀ kó lọ kọ́ C++, èdè kọ̀ǹpútà mìíràn tí wọ́n ní ó yára jù ú lọ, ni? Ṣé kò ti pẹ́ jù fún un? Ṣé kò ní ṣèdíwọ́ fún ìwé rẹ̀? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá mi lóhùn.

Olùkọ́ kọ̀ǹpútà:
Ẹ ǹlẹ́ o, mà. Ẹ bá wa fi ọkàn ọmọ náà balẹ̀. Àpẹẹrẹ inú ìbéèrè kì í sábà ju nọ́ńbà mélòó kan lọ, kí ìbéèrè lè yé èèyàn ni wọ́n ṣe fi í síbẹ̀. Àwọn ìdánwò tí wọ́n fi pamọ́ ni iṣẹ́ wà. Iye nọ́ńbà tó wà nínú ọ̀kan lè tó 200,000. Ìdáhùn rẹ̀ tọ̀nà, ọ̀nà tó gbà dé ibẹ̀ ló gùn.

Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀kan hàn yín. Ká ní wọ́n to nọ́ńbà sílẹ̀ lọ rẹrẹ, wọ́n wá ní kí ẹ ro ti ìkejì dé ìkẹrin pọ̀. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ á máa rò wọ́n pọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá béèrè. Bí iye nọ́ńbà bá jẹ́ 200,000, tí ìgbà tí wọ́n béèrè náà sì jẹ́ 200,000, ìṣirò yẹn lè tó 40,000,000,000. Python kò lè parí ìyẹn láàárín ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan láéláé.

Àmọ́, kí ọmọ náà mú pẹ́ńsù. Kó kọ 3, 1, 4, 1, 5. Kó wá kọ àròpọ̀ tó ń ga lọ sí abẹ́ wọn: 3, 4, 8, 9, 14. Bí wọ́n bá ní kó ro ti ìkejì dé ìkẹrin pọ̀, kó mú èyí tó wà lábẹ́ ìkẹrin, ìyẹn 9, kó yọ èyí tó wà lábẹ́ ìkíní, ìyẹn 3, kúrò nínú rẹ̀. Ó ku 6. Ẹ wò ó: 1 àti 4 àti 1, 6 náà ni. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló máa gba orí gbogbo nọ́ńbà kọjá. Lẹ́yìn ìyẹn, àyọkúrò kan ṣoṣo ni fún ìbéèrè kọ̀ọ̀kan. Prefix sum ni wọ́n ń pè é. Irú ọgbọ́n yìí ni ìdíje ń wá lọ́wọ́ ọmọ.

Nítorí náà, kó tó kọ ìlà kódù kan, kó kọ́kọ́ wo ibi tí wọ́n ti sọ bí nọ́ńbà ṣe lè pọ̀ tó. Ibẹ̀ ló ti máa mọ̀ bóyá ọ̀nà tó ní lọ́kàn máa bá a dé ibi tó ń lọ.

Akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì tó ti kópa rí:
Ẹ kú ọ̀rọ̀ ọmọ, mà. Kó má tíì fi Python sílẹ̀. USACO ń gba Python, Java àti C++, ìpele Bronze sì ni gbogbo ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ti ń bẹ̀rẹ̀, kó tó kan Silver, Gold àti Platinum. Wọ́n tún máa ń fún Python ní ìṣẹ́jú àáyá 4 níbi tí wọ́n ti ń fún C++ ní 2. Python tó fún Bronze. Ọ̀fẹ́ ni, ọmọ orílẹ̀-èdè èyíkéyìí sì lè kópa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ikọ̀ Amẹ́ríkà ni wọ́n ń fi ṣà.

Ní ti ọjọ́ orí, kò pẹ́ rárá. Kódà IOI, ìdíje àgbáyé tó bẹ̀rẹ̀ ní Bulgaria lọ́dún 1989, ń gba akẹ́kọ̀ọ́ ilé ẹ̀kọ́ girama tí ọjọ́ orí rẹ̀ kò bá ju 20 ọdún lọ.

Bàbá ọlọ́mọ méjì:
Èmi ò fara mọ́ ti Python yẹn pátápátá. Bó bá ti gòkè dé Gold, Python lè má yára tó mọ́, C++ á sì wúlò fún un gan-an. Kí ló dé tí kò ní bẹ̀rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ látìsinsìnyí? Ohun tó tún ká mi lára ni ti AI, ìyẹn ọgbọ́n àtọwọ́dá tó lè bá èèyàn kọ kódù. Òfin USACO kò fàyè gbà á, wọn ò sì gbọ́dọ̀ bá ẹnikẹ́ni sọ ọ̀rọ̀ ìbéèrè kí ìdíje tó parí. Mà, ẹ jókòó tì í kẹ́ ẹ jọ ka òfin náà. Ọmọ rere lè kó sí wàhálà nítorí pé ó bi ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní nǹkan kan.

Ìyá akẹ́kọ̀ọ́ (oníbéèrè):
Ẹ ṣeun púpọ̀, Olúwa á máa bá yín tọ́jú àwọn ọmọ yín. Ó ti fi pẹ́ńsù ṣe ti àròpọ̀ yẹn, ó kígbe, ó ní "Mọ́mì, ó ti yé mi!" Wákàtí mélòó ni kó máa fi ṣe é lójúmọ́ báyìí?

Akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì:
Ẹ má kà á sí wákàtí, mà. Ìbéèrè kan tó yé e yékéyéké sàn ju mẹ́wàá tó sáré ṣe lọ. Kó bá a jìjàkadì fún bíi wákàtí kan. Bí kò bá rí ojútùú, kó ka àlàyé tí USACO fi sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, kó pa á dé, kó wá fúnra rẹ̀ kọ kódù náà láìwo ohunkóhun. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń kùnà nìyẹn: wọ́n á ka ojútùú, wọ́n á mi orí, wọ́n á kọjá lọ. CSES, ìkànnì tí wọ́n kó ìbéèrè kódù jọ sí, náà wà, ọ̀fẹ́ ni, ìbéèrè àròpọ̀ yẹn wà níbẹ̀ dáadáa.

Olùkọ́ kọ̀ǹpútà:
Ní ti ìwé rẹ̀, mà, ìdíje náà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ láàárín sáà. Bí ọ̀kan bá bọ́ sí àsìkò ìdánwò, kó fò ó, kó ṣe èyí tó tẹ̀ lé e. Òpin ọ̀sẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń ṣe é, fún bíi wákàtí mẹ́rin, aago kì í sì í bẹ̀rẹ̀ títí ọmọ á fi ṣí ìbéèrè. Kó jẹun, kó sinmi, kó tó ṣí i.