Ta ló kọ́ Great Zimbabwe? Ẹ bá mi dá èèyàn kan lóhùn

Àbẹ̀kẹ́ Ìbàdàn:
Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ará. Inú ń bí mi látàárọ̀. Ẹnìkan fi fọ́tò Great Zimbabwe, àwókù ìlú olókùúta àtijọ́ tó wà lórílẹ̀-èdè Zimbabwe, sórí gúrúùpù WhatsApp wa, ẹlòmíì bá fèsì pé àwọn Lárúbáwá ló kọ́ ọ, pé ibo làwọn adúláwọ̀ ti fẹ́ rí irú ọgbọ́n yẹn, àwọn èèyàn sì ń gbè é lẹ́yìn. Mo mọ̀ pé irọ́ ni, ẹ̀rí tí màá kó síwájú ẹ̀ ni mò ń wá. Ẹ jọ̀ọ́, ta ló mọ ìtàn ẹ̀ dáadáa?

Bàbá Títí:
Irọ́ tó ti pẹ́ nílẹ̀ ni. Àwọn baba ńlá àwọn Shona, ẹ̀yà adúláwọ̀ tó pọ̀ jù ní Zimbabwe, ló kọ́ ọ, láti bí ọ̀rúndún 11 títí wọ 15. Òkúta akọ ni wọ́n gé, wọ́n ń tò ó lórí ara wọn láìfi amọ̀ tàbí ohunkóhun lẹ̀ ẹ́, ó ga tó mítà 11 níbòmíì, ó ṣì wà lóòró dòní! Karl Mauch, ará Jámánì, ló débẹ̀ ní 1871, ó gé díẹ̀ lára igi ẹnu ọ̀nà, ó fi wé igi pẹ́ńsù ẹ̀ tó jẹ́ kédárì, ó ní wọ́n jọra, a jẹ́ pé igi kédárì Lẹ́bánónì ni, a jẹ́ pé Ọbabìnrin Ṣébà ló ni ibẹ̀. Gbogbo ẹ̀rí ẹ̀ náà nìyẹn o, wọ́n sì gbà á gbọ́.

Ọmọ Ọ̀ràngún:
Èyí tó dùn mí jù ni pé àwọn òyìnbó fúnra wọn ti rí òótọ́ tipẹ́. Randall-MacIver, awalẹ̀pìtàn, gbẹ́ ilẹ̀ ibẹ̀ ní 1905, ó ní iṣẹ́ ọmọ ilẹ̀ ni, Gertrude Caton-Thompson, awalẹ̀pìtàn bíi tiẹ̀, tún sọ bẹ́ẹ̀ ní 1929. Síbẹ̀ ìjọba àwọn òyìnbó tí Ian Smith ń darí ní Rhodesia, bí wọ́n ṣe ń pe Zimbabwe nígbà náà, ò fẹ́ kẹ́nikẹ́ni sọ ọ́ síta, ìyẹn ló jẹ́ kí Peter Garlake, awalẹ̀pìtàn tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, fi ìlú sílẹ̀ ní 1970. Torí tí wọ́n bá gbà pé adúláwọ̀ ló kọ́ ọ, kí ni wọ́n tún fẹ́ sọ pé àwọn wá ṣe níbẹ̀?

Adéọlá Ifẹ̀:
Ohun tí Frobenius, olùwádìí ará Jámánì, ṣe fún wa n'Ífẹ̀ ní 1910 náà nìyẹn. Ó rí orí Olókun, ó ní àwọn ará Atlantis, ìlú inú àlọ́ àwọn Gíríìkì, ló ṣe é. Ní 1938, níbi tí wọ́n ti ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé lágboolé Wúnmọníjẹ̀, àwọn orí idẹ bá tún jáde, ojú, imú, ẹnu, gbogbo ẹ̀ ló rí bíi ti èèyàn gidi.

Àbẹ̀kẹ́ Ìbàdàn:
Ẹ ṣé gan-an ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Ó ti tún fèsì o, ó ní kí ló dé tí wọ́n fi rí àwo Ṣáínà níbẹ̀.

Bàbá Títí:
Wọ́n rà á ni! Góòlù ni wọ́n ń tà, ó ń gba èbúté Sofala ní Mozambique lọ sí Kilwa létíkun Tanzania, àwo àti ìlẹ̀kẹ̀ ń padà wá. Wọ́n tiẹ̀ rí owó ẹyọ ọba Kilwa kan ní Great Zimbabwe. Bi í pé ṣé ará Japan ni ẹni tó ń wa Toyota n'Íbàdàn.