Ṣé kí n gba ìwé-ẹ̀rí oṣù mẹ́fà ni, tàbí kí n lọ ka JCHEW (ẹ̀kọ́ òṣìṣẹ́ ìlera àwùjọ onípò kékeré) fún ọdún méjì?

Ìyá Ìbejì, Kuje:

Ẹ̀yin ará wa tí ẹ wà ní Abuja àti ní òkè ọya, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú làálàá. Ọ̀rọ̀ kan wà lọ́kàn mi tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi gbé yẹ̀ wò. Ọdún kẹta nìyí tí mo ti ń bá àwọn tó ń gbé ètò ìlera lọ sí àwọn abúlé Gbagyi àti gáà Fúlàní tó wà lẹ́yìn Kuje ṣiṣẹ́ láìgbowó, níbi tí mọ́tò kì í lè dé lásìkò òjò. Iṣẹ́ mi kò ju kí n pe àwọn ìyá jọ fún abẹ́rẹ́ àjẹsára, kí n sì fi téèpù wọn apá àwọn ọmọ wọn láti mọ èyí tí kò rí oúnjẹ aṣaralóore jẹ tó.

Lóṣù tó kọjá, obìnrin kan gbé ọmọ oṣù mẹ́jọ wá bá mi. Ọmọ náà ń mí hẹlẹhẹlẹ, ara rẹ̀ sì gbóná janjan. Mo mọ̀ pé ohun tí mò ń wò kò dára, ṣùgbọ́n n kò mọ ohun tó yẹ kí n yẹ̀ wò, n kò sì ní àṣẹ láti fún un ní oògùn kankan. Ọ̀kadà la fi gbé e dé ilé ìwòsàn, Ọlọ́run sì bá wa ṣe é, ọmọ náà yè. Láti ọjọ́ náà ni mo ti pinnu pé mo gbọ́dọ̀ kọ́ iṣẹ́ yìí.

Ilé ẹ̀kọ́ aládàáni kan ti wá sọ fún mi pé oṣù mẹ́fà péré ni àwọn yóò fi kọ́ mi, tí n ó sì gba ìwé àṣẹ òṣìṣẹ́ ìlera. Àwọn mìíràn ní kí n lọ ka JCHEW. Ẹni ọdún 34 ni mí, àwọn ìbejì mi ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, iṣẹ́ káfíńtà sì ni ọkọ mi ń ṣe. Kí ni ẹ rí sí i?

Bàbá CHO, Minna:

Ìyá Ìbejì, ẹ má san kọ́bọ̀ fún ilé ẹ̀kọ́ yẹn títí ẹ ó fi bi wọ́n ní ìbéèrè kan: ṣé CHPRBN fọwọ́ sí yín? Ìgbìmọ̀ yìí, tí òfin ọdún 1992 gbé kalẹ̀, ló ń forúkọ àwọn òṣìṣẹ́ ìlera àwùjọ sílẹ̀ ní Nàìjíríà, òun ló sì ń fún wọn ní ìwé àṣẹ. Ilé ẹ̀kọ́ kankan kò lè fúnra rẹ̀ fún yín. Ọdún méjì ni JCHEW, ọdún mẹ́ta ni CHEW tó jẹ́ ìpele tó ga jù ú lọ, ẹni tó bá sì ti ṣe JCHEW lè padà lọ kà sí i lẹ́yìn tó bá ti ṣiṣẹ́. Abuja lọ́dọ̀ yín níbẹ̀ ni ọ́fíìsì ìgbìmọ̀ náà wà, ẹ lọ bá wọn fúnra yín.

Láti ìgbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti ti jẹ́ mínísítà ìlera, láàárín 1985 sí 1992, ni mo ti wà nínú iṣẹ́ yìí, CHO, ìyẹn ọ̀gá òṣìṣẹ́ ìlera àwùjọ, sì ni mí. Ohun tó gbà mí lọ́wọ́ àṣìṣe ní abúlé tí kò ti sí dókítà ni ìwé tí a ń pè ní Standing Orders, tó ń sọ ohun tí ènìyàn yóò bi ìyá ọmọ, ohun tí yóò wò lára ọmọ, oògùn tí yóò fún un, àti ìgbà tí kò gbọdọ̀ dá a dúró mọ́ bí kò ṣe kó fi í ránṣẹ́ sí ilé ìwòsàn ńlá. Kíka ìwé náà kò ṣòro. Kí ọwọ́ ènìyàn mọ́ ọn níwájú ọmọ tó ń ké ló ń gba ọdún.

Nọ́ọ̀sì, Bwari:

Ẹ jẹ́ kí n fi ọmọ tí ẹ sọ yẹn ṣe àpẹẹrẹ, màá. Ọmọ oṣù méjì sí mọ́kànlá tó bá mí tó ìgbà 50 ní ìṣẹ́jú kan ń mí yára jù; láti ọmọ ọdún kan títí tí kò fi ì pé ọdún márùn-ún, ìgbà 40 ni. Ìṣẹ́jú kan gbáko ni a ó fi kà á, kì í ṣe ààbọ̀ ìṣẹ́jú tí a ó sọ di méjì, a ó sì ká aṣọ ọmọ náà sókè kí a lè rí ikùn rẹ̀, nígbà tí kò sunkún tí kò sì mu ọmú lọ́wọ́. Bí ìsàlẹ̀ àyà rẹ̀ bá ń wọnú nígbà tó ń fa èémí sínú, tàbí tí kò lè mu ọmú rárá, ilé ìwòsàn ńlá ni ọ̀nà rẹ̀.

Mo ti rí àwọn tó mọ nọ́ńbà wọ̀nyí lórí tí wọn kò lè ka èémí ọmọ kan ṣoṣo, nítorí pé nínú kíláàsì nìkan ni wọ́n ti kọ́ ọ. Nítorí náà, ẹ béèrè ilé ìlera tí wọn yóò rán yín lọ fún ìdánrawò, àti ẹni tí yóò dúró tì yín níbẹ̀.

Àǹtí, Zaria:

Bàbá, mo gbà pẹ̀lú yín, àmọ́ kí a má ṣe fojú kéré ẹ̀kọ́ kúkúrú. Láti 2018 ni ètò ìlera ìjọba tí wọ́n ń pè ní CHIPS ti ń mú àwọn obìnrin láti àdúgbò tiwọn, tí wọ́n ń kọ́ wọn láti tọ́jú ibà, ìgbẹ́ gbuuru àti òtútù àyà ọmọdé, tí wọ́n sì ń kọ́ wọn láti mọ ibi tí agbára wọn mọ. Kò sẹ́ni tó ń pè wọ́n ní CHEW, síbẹ̀ ọmọ tí wọ́n fún ní ORS (èròjà tí a ń pò mọ́ omi fún ọmọ tó ń yàgbẹ́ gbuuru) àti síǹkì láàárọ̀ kò ní láti dúró de ẹnikẹ́ni. Ohun tó burú nínú ọ̀rọ̀ ilé ẹ̀kọ́ yẹn ni pé wọ́n ń ṣèlérí ohun tí kò sí lọ́wọ́ wọn.

Ní Zaria níbí, ọ̀pọ̀ ilé ló wà tí àwọn ìyàwó wà nínú kulle, ìyẹn ẹ̀há, tí ọkùnrin àjèjì kò lè wọlé, bó ti wù kí ìwé-ẹ̀rí rẹ̀ pọ̀ tó. Obìnrin ni yóò wọlé, obìnrin tó gbọ́ Hausa. Bí ìyá kan bá sọ fún yín pé ọmọ òun ń ṣe gudawa, ìyẹn ìgbẹ́ gbuuru, tí ẹ ń dúró de ògbufọ̀, ẹnikẹ́ni tó bá túmọ̀ rẹ̀ fún yín yóò gbọ́ àṣírí ilé náà. Ẹ tètè bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ Hausa, kí ẹ sì kọ́ Gbagyi mọ́ ọn.

Bàbá CHO, Minna:

Òótọ́ ni ẹ sọ, àǹtí. N kò ka àwọn obìnrin CHIPS sí aláìmọ̀kan. Ó yẹ kí n ti fi èyí kún un pé Ìyá Ìbejì lè máa bá iṣẹ́ tó ń ṣe lọ ní ilé ìlera alábọ́dé tó wà ní wọ́ọ̀dù wọn, lábẹ́ ọ̀gá ibẹ̀, kí ó tó rí ilé ẹ̀kọ́ wọ̀.

Ìyá Ìbejì, Kuje:

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Mo padà lọ bi ilé ẹ̀kọ́ náà bóyá CHPRBN fọwọ́ sí wọn. Wọ́n ní kí n kọ́kọ́ san owó fọ́ọ̀mù ná kí àwọn tó dáhùn, mo sì jáde. JCHEW ni n ó ṣe. Ọkọ mi ti gbà, àbúrò mi obìnrin yóò sì wá láti Ìlọrin láti máa mójú tó àwọn ìbejì nígbà tí wọ́n bá rán wa lọ sí abúlé. Aládùúgbò mi kan, ọmọ Katsina, ti ń kọ́ mi ní Hausa lálaalẹ́. Orúkọ àìsàn ni mo ní kí ó fi bẹ̀rẹ̀.