Àyẹ̀wò omi wo ni kí àwa tí à ń gbin ẹ̀fọ́ sí etí odò l'Ábùjá kọ́kọ́ ṣe?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tí ẹ nímọ̀ nípa omi. Èmi àti àwọn ará ilé díẹ̀ ń gbin tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ àti lẹ́tùsì sí etí odò kan l'Ábùjá, omi ẹ̀gbin ìlú tí wọ́n ti tọ́jú sì ń wọnú odò náà lápá òkè wa. Mo mọ̀ pé ní ilé ìtọ́jú irú èyí tó wà ní Idu lẹ́bàá odò Wupa, wọ́n máa ń fẹ́ atẹ́gùn sí àwọn kòkòrò àìfojúrí kí wọ́n lè jẹ ìdọ̀tí inú omi, kí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ sì silẹ̀ bí ti ògì.

Ohun tó ń kọ mí lóminú ni pé omi tó mọ́ lójú ṣì lè ní kòkòrò àìfojúrí inú ìgbẹ́, pàápàá ní ẹ̀ẹ̀rùn tí omi odò fúnra rẹ̀ kì í tó láti là á. Ìlànà Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ọdún 1989 kò fẹ́ kí kòkòrò bẹ́ẹ̀ ju 1,000 lọ nínú mílílítà 100 omi tí a fi ń bomi rin ohun tí a ń jẹ ní tútù. Tẹ̀tẹ̀ ń wọ ìkòkò, lẹ́tùsì kì í wọ̀ ọ́.

Owó wa kò pọ̀. Ṣé àyẹ̀wò kòkòrò ni kí a kọ́kọ́ ṣe, àbí ti BOD (ìwọ̀n ọ́síjìn tí àwọn kòkòrò àìfojúrí ń lò láti jẹ ìdọ̀tí inú omi) tó ń gba ọjọ́ 5? Ṣé kí a bu omi lókè àti nísàlẹ̀ ibi tí omi ẹ̀gbin ti ń wọlé, báwo sì ni kí a ṣe gbé e dé yàrá àyẹ̀wò kí ó má bàa yí padà lọ́nà?