Gíríìdì, àwọ̀n tàbí ìsokọ́ra? Lórí gbólóhùn iná àti epo

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, mo kí yín.

Àbúrò wa obìnrin tó ń ka ìròyìn lórí rédíò ní Ìjẹ̀bú-Òde ló gbé iṣẹ́ ìtúmọ̀ yìí fún wa. Ìròyìn kan wà lọ́wọ́ rẹ̀ láti Amẹ́ríkà, pé wọ́n fẹ́ sọ gíríìdì iná wọn, ìyẹn wáyà àti ibùdó tó so ibi tí wọ́n ti ń ṣe iná mọ́ ibi tí wọ́n ti ń lò ó, dọ̀tun kí wọ́n lè bọ́ lọ́wọ́ epo ilẹ̀ òkèèrè. Ó ń wá bí òun ṣe máa kà á tí ìyá tó ń ṣe gààrí ní Odògbolú á fi yé. Ẹ̀gbọ́n wa láti Ìjẹ̀bú-Igbó fún un ní èyí: "Ìsọdọ̀làjú àwọ̀n iná mọ̀nàmọ́ná láti dín ìgbẹ́kẹ̀lé nínú epo òkèèrè kù." Bàbá Olùkọ́ ní Ṣágámù ní kó má da ara rẹ̀ láàmú, kó pè é ní gíríìdì, òyìnbó tó bí i ló kúkú sọ ọ́ lórúkọ. Láti ìgbà náà ni a ti pín sí méjì, tí oníkálùkù ń gbè sẹ́yìn ẹni tó wù ú.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú sí mi. Gbólóhùn yín dùn lójú ìwé, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ bíi mẹ́rin nínú rẹ̀ máa gbé olùgbọ́ lọ síbi tí ìròyìn náà kò lọ.

Ẹ jẹ́ ká mú àwọ̀n. Iṣẹ́ àwọ̀n ni kó mú nǹkan. Ará Ìjẹ̀bú etí omi tó bá gbọ́ àwọ̀n iná máa béèrè ẹja tí wọ́n fi ń kó. Ohun tó sì wà nídìí gíríìdì kọ́ nìyẹn. Ohun tó wà nídìí rẹ̀ ni pé gbogbo ibi tí wọ́n ti ń ṣe iná àti gbogbo ibi tí wọ́n ti ń lò ó so kọ́ ara wọn. Ibùdó iná Kainji tó ti ń ṣiṣẹ́ lórí odò Ọya láti 1968, Ẹ̀gbin ní ìhà Ìkòròdú, Ọlọ́runṣògo ní Pápáláńtò níhìn-ín nínú ìpínlẹ̀ Ògùn, ojú kan náà ni gbogbo wọn ń da iná sí. Wáyà ńlá gbé e ní 330,000 fóltì, ó já sí 132,000, èyí tó ń wọ ibùdó Ìjẹ̀bú-Òde àti ti Ṣágámù, ó tún já sí 33,000 àti 11,000, kí transfọ́mà àdúgbò tó wá rọ̀ ọ́ sílẹ̀ dé ìwọ̀n tí fáànù lè gbà. Ìgbà 50 ni iná náà ń lọ tó ń bọ̀ nínú wáyà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, Òṣogbo sì ni àwọn tó ń ṣọ́ ọ jókòó sí kó má baà yẹ̀. Bí ibùdó ńlá kan bá yọwọ́ lójijì, gbogbo àwọn yòókù ló máa mọ̀ ọ́n lára.

Ohun tó mú mi fara mọ́ ìsokọ́ra nìyí: ìsokọ́ra iná. Kò ṣàjèjì sí wa, a ti ń lò ó fún kọ̀ǹpútà, ó sì ń sọ ìdí ara rẹ̀ fún ẹni tó bá gbọ́ ọ nígbà àkọ́kọ́. Àǹtí wa ní Ìkẹ́nnẹ́ dábàá ìtàkùn iná, ọ̀rọ̀ náà sì rẹwà púpọ̀, pàápàá bó ṣe fi òwe erin gbè é lẹ́sẹ̀: ìtàkùn tó ní kí erin má kọjá, tòun terin ní ń lọ. Ohun tó jọ òwe yẹn ṣẹlẹ̀ ní August 14, 2003: wáyà kan ní Ohio fẹ̀yìn kan igi, àwọn wáyà mìíràn gba ẹrù rẹ̀, ẹrù pọ̀ jù fún wọn, nígbà tí ilẹ̀ fi máa ṣú, nǹkan bí 50 mílíọ̀nù èèyàn ní Amẹ́ríkà àti Kánádà ló wà lókùnkùn. Bí kì í bá ṣe pé íntánẹ́ẹ̀tì ti gba ìtàkùn lọ́wọ́ wa, n bá dìbò fún un. Ẹni tó bá ti ń gbọ́ ìtàkùn àgbáyé láràárọ̀ kò ní gbọ́ ìtàkùn iná ní ohun mìíràn.

Bàbá Olùkọ́, mo dọ̀bálẹ̀ o. A ti yá mítà, a yá wáyà, a yá fíúsì, a yá transfọ́mà, ẹnikẹ́ni ò kú. Ṣùgbọ́n gbogbo ìwọ̀nyẹn ló ní ara tí ojú ń rí. Wọ́n kan nǹkan náà mọ́ ògiri, wọ́n ní mítà nìyí, ó parí. Ta ló ti rí gíríìdì rí? Ohun tí a ò lè fi ìka tọ́ka sí ló nílò orúkọ tó ń ṣàlàyé ara rẹ̀. Ìyẹn ni pé kí a yá orúkọ àwọn tó ní ara, kí a sì sọ èyí tí kò ní ara lórúkọ fúnra wa.

Ẹ wo ìdààmú tí gíríìdì ti kó bá àwọn oníròyìn. Wọ́n á ní "gíríìdì ti wó lulẹ̀", ọmọdé á sáré jáde lọ wo òpó. Kò sí nǹkan tó wó. Iná tó wà lójú wáyà ló dín kù ju ohun tí wọ́n ń fà lọ, ìlọ-bọ̀ ìgbà 50 yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í fà sẹ́yìn, àwọn ẹ̀rọ ńlá sì ń já ara wọn kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan kí wọ́n má baà bàjẹ́, títí gbogbo rẹ̀ fi dákẹ́ jẹ́ẹ́. Wákàtí díẹ̀ sí i, wọ́n á jí i, láti ibùdó kan sí èkejì. Ohun tó ṣe bẹ́ẹ̀, dákú ló dákú. Ó dákú ju ìgbà mẹ́wàá lọ ní Nàìjíríà ní ọdún 2024 nìkan. Mo fẹ́ kí ẹ gba ìsokọ́ra dákú, ìsokọ́ra ti jí, kí a fi wíwó sílẹ̀ fún ọjọ́ tí ìjì bá ká òpó lulẹ̀.

Ìgbẹ́kẹ̀lé kò bá epo rìn rárá. Ẹni tí a gbẹ́kẹ̀ lé ni a fọkàn tán. Ní ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí ni ẹ ti ń gbọ́ ọ. Ta ló fọkàn tán epo? Gbójú lé sún mọ́ ọn díẹ̀, àwa tí wọ́n fi "àgbójúlógún fi ara rẹ̀ fún òṣì ta" tọ́ sì mọ adùn rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó gbójú lé nǹkan ṣì ń retí rẹ̀ ni, kò tíì tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Gbára lé ló tọ́. Ara ló wà lórí rẹ̀. Bí wọ́n bá fà á yọ, ilẹ̀ yá. Bẹ́ẹ̀ ló rí fún Amẹ́ríkà ní oṣù Kẹwàá 1973, nígbà tí àwọn orílẹ̀-èdè Lárúbáwá tó ń ta epo ní àwọn ò tà fún wọn mọ́ nítorí ogun Ísírẹ́lì, tí mọ́tò fi tò lọ rẹrẹẹrẹ nílé epo. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ bíbọ́ lọ́wọ́ epo òkèèrè lémọ́lémọ́.

Epo gan-an wá ló ṣòro jù. Lọ́dọ̀ wa, bí o bá pe epo láìfi nǹkan kan tẹ̀ lé e, epo pupa ni, èyí tí a fi ń se ìkọ́kọrẹ́. Òkèèrè náà sì wà nínú ìyẹn, wọ́n ń kó epo pupa wọlé láti Malaysia. Kí àbúrò wa má ka epo lásán. Òyìnbó lè fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo pe èyí tó ti abẹ́ ilẹ̀ jáde àti èyí tó wà nínú táǹkì mọ́tò, àwa yà wọ́n sọ́tọ̀: rọ̀bì, bẹntiróòlù, dísẹ́ẹ̀lì, kẹrosíìnì. Ará Rẹ́mọ kò sì gbọdọ̀ pa wọ́n pọ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ọkọ̀ ojú omi ń já bẹntiróòlù tí wọ́n fọ̀ lókè òkun sí Atlas Cove l'Ékòó, ọ̀pá abẹ́ ilẹ̀ ń gbé e wá sí ibùdó epo Mosimi lẹ́bàá Ṣágámù, ọ̀pá tún ń gbé e láti ibẹ̀ lọ sí Ìbàdàn àti Ìlọrin. Rọ̀bì tiwa ń lọ, bẹntiróòlù tiwọn ń bọ̀. Nígbà tí ilé ìfọpo Dangote ní Ìbẹ́jú-Lẹ́kí, tó lè fọ 650,000 àgbá rọ̀bì lóòjọ́, bẹ̀rẹ̀ sí í ta bẹntiróòlù ní oṣù Kẹsàn-án 2024, a ní ọ̀rọ̀ òkèèrè tán. Àṣé rọ̀bì Amẹ́ríkà wà lára èyí tí wọ́n ń rà fọ̀! Amẹ́ríkà tí wọ́n ní ó fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ epo òkèèrè náà sì nìyẹn o. Láti 2020 ni epo tó ń tà síta, àpapọ̀ rọ̀bì àti èyí tí wọ́n ti fọ̀, ti ju èyí tó ń rà lọ.

Èyí tó wá kàn mí jù nìyí. Gbólóhùn ẹ̀gbọ́n dún bí ẹni pé epo ni wọ́n fi ń tan iná lọ́hùn-ún. Ní 1973, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́fà iná wọn ló rí bẹ́ẹ̀. Lónìí, kò pé ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún. Gáàsì, núkílíà, èédú, afẹ́fẹ́, omi àti oòrùn ló ń ṣe é. Inú mọ́tò ni epo wọn wà. Ìsokọ́ra tuntun kò lè dín in kù àfi bí mọ́tò tó ń lo iná bá gba ipò mọ́tò tó ń mu bẹntiróòlù. Òfin tí wọ́n ṣe ní 2007 so ọ̀rọ̀ mọ́tò àti ọ̀rọ̀ ìsokọ́ra iná mọ́ inú ìwé kan náà, ní 2009 sì ni ìjọba Obama ya bílíọ̀nù 4.5 dọ́là sọ́tọ̀ láti mú ìsokọ́ra náà bá ìgbà mu.

Lọ́dọ̀ wa, òdìkejì ni. Iná NEPA (láti 2005 ni orúkọ yẹn ti kú níwèé, ẹnu wa kò jẹ́ kó sinmi) kò mu bẹntiróòlù. Gáàsì ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, omi Kainji, Jẹ́bà àti Ṣíróró ló tẹ̀ lé e. Àgbàlá wa ni bẹntiróòlù wà. Ẹ lọ wo ibi tí wọ́n ti ń rin gbágùúdá: bẹ́líìtì rọ́bà láti ẹ́ńjìnnì sí ara páànù tí wọ́n fi ìṣó dá lu, ike bẹntiróòlù tí wọ́n so kọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ìyá náà sì dúró, ojú kan lára òkìtì gbágùúdá, ojú kan lára ike, ó ń wo èwo ló máa kọ́kọ́ tán. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ epo ní oṣù Karùn-ún 2023, iye tí ike yẹn ń gbà ló ń wọ inú kóńgò gààrí Ìjẹ̀bú. Bí obìnrin yìí bá gbọ́ lórí rédíò pé Amẹ́ríkà ń tún iná ṣe kó lè dín epo kù, kí ni ẹ rò pé ó máa gbọ́? Á ní àwọn náà ń fa okùn jẹnẹrétọ̀ kékeré, ai-bẹ́tà-pásì-mai-néíbọ̀, bíi tiwa.

Ìsọdọ̀làjú kò gba àríyànjiyàn: èèyàn ló ń lajú, wáyà kì í lajú. Mú bá ìgbà mu ti tó.

Ó ku èyí tí wọ́n ń pè ní ọlọ́gbọ́n ("smart" lẹ́nu òyìnbó), mítà ọlọ́gbọ́n, ìsokọ́ra ọlọ́gbọ́n. Òyìnbó ló ka ọgbọ́n sí ẹ̀rọ lọ́rùn, a ò gbọdọ̀ bá wọn kà á. Kí ni mítà náà ń ṣe? Mítà tí a ń ra káàdì sí, nọ́ḿbà 20 ni a ń fi ìka tẹ̀ sínú rẹ̀ kó tó gbà. Ó ń gbọ́, kì í dáhùn. Tuntun yìí ń rán iye tí a lò padà sí iléeṣẹ́ fúnra rẹ̀, bí iná bá lọ, ó ń sọ ibi tó ti lọ kí alága àwọn onílé tó gbé fóònù. Ó ń fèsì. Mítà afèsì ni, ìsokọ́ra afèsì.

Bí èmi ṣe máa kà á rèé:

"Amẹ́ríkà fẹ́ mú ìsokọ́ra iná mọ̀nàmọ́ná rẹ̀ bá ìgbà mu, kó di afèsì, kí iléeṣẹ́ iná lè máa mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lójú wáyà láìjẹ́ pé ẹnì kan pè wọ́n. Wọ́n fẹ́ kó lè gbé mọ́tò tó ń lo iná dípò bẹntiróòlù. Bí irú mọ́tò bẹ́ẹ̀ bá pọ̀, orílẹ̀-èdè náà kò ní máa gbára lé epo rọ̀bì ilẹ̀ òkèèrè bíi ti tẹ́lẹ̀."

Bí olóòtú bá ní ó gùn jù, kí àbúrò wa gé ti afèsì kúrò. Kó má fọwọ́ kan gbólóhùn mọ́tò o. Bó bá yọ ìyẹn, kò sí ohun tó so iná pọ̀ mọ́ epo mọ́, jẹnẹrétọ̀ ni gbogbo Ìjẹ̀bú máa fi dí àlàfo náà.