Ìkòkò ọbẹ̀ tó kan mọ́ mi lọ́wọ́, àti bí mo ṣe ń se oúnjẹ ọ̀sẹ̀ kan sílẹ̀ báyìí

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo ti ń ka ìrírí yín lórí sísè oúnjẹ ọ̀sẹ̀ kan sílẹ̀, mo sì rí i pé ohun tí ẹ ń sè ni ọ̀pọ̀ yín ń sọ. Ní tèmi, sísè kọ́ ló gba omijé lójú mi. Ẹ̀yìn ìgbà tí mo ti pa iná ni wàhálà dé.

Ọdún kẹta rèé tí mo ti ń ṣe é. Kí n tó bẹ̀rẹ̀, ó máa ń rẹ̀ mí tẹnutẹnu kí n tó délé. Àwọn ọmọ á ti máa kùn pé ebi ń pa àwọn, èmi á sì ṣẹ̀ṣẹ̀ máa gé àlùbọ́sà. Nígbà míì, aago mẹ́sàn-án alẹ́ á lù kí ẹnikẹ́ni tó fi nǹkan sẹ́nu. Mo wá pinnu pé ọjọ́ Àbámẹ́ta ni màá máa fi se gbogbo rẹ̀ pọ̀. Mo gbé ìkòkò tó tóbi jù nílé kaná, mo se ọbẹ̀ ẹran tí a ó jẹ títí di ọjọ́ Ẹtì. Nígbà tó jinná, mo dé e, mo fi í sílẹ̀ kó tutù. Kí n tó sùn, mo fọwọ́ kan ara ìkòkò náà, ó ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́. Mo gbé e bẹ́ẹ̀ sínú fìríìjì, mo sì fọkàn balẹ̀ sùn.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, mo ṣí i. Ojú ọbẹ̀ dára. Àfi ìgbà tí mo ti ṣíbí bọ̀ ọ́ dé ìsàlẹ̀: ọbẹ̀ náà ń fà tẹ̀lé ṣíbí, ìfófòó wẹ́wẹ́ ń yọ lábẹ́ ẹran bọ̀ sókè, òórùn kíkan sì gbá mi nímú. Mo da gbogbo rẹ̀ nù. Owó oúnjẹ ọ̀sẹ̀ kan ni, mo sì jókòó nínú ilé ìdáná, mo sunkún.

Ohun tí mi ò mọ̀ nígbà yẹn ni pé ìkòkò ńlá tó kún máa ń di ooru mú sáàárín. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á ti tutù, àárín á ṣì wà ní wọ́ọ́rọ́ fún ọ̀pọ̀ wákàtí, ibi tó wà ní wọ́ọ́rọ́ yẹn gan-an ni kòkòrò àìfojúrí sì ti ń gbilẹ̀. Láàárín 5°C sí 60°C ni ara ti máa ń tù wọ́n. Fìríìjì ò lè sáré mú irú ìkòkò bẹ́ẹ̀ tutù; ṣe ni ooru rẹ̀ tún máa ń ran àwọn oúnjẹ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ní báyìí, bí mo bá ti sọ ọbẹ̀ kalẹ̀ lórí iná, mi ò jẹ́ kó jókòó sínú ìkòkò. Mo ń bù ú sínú àwọn abọ́ pẹrẹsẹ, kí jíjìn rẹ̀ má ju sẹ̀ǹtímítà 5 lọ. Mo ń gbé abọ́ náà jókòó sínú omi tútù tí mo da yìnyín sí, mo sì ń rò ó díẹ̀díẹ̀. Bí ọwọ́ bá ti gbà á, mo dé e, ó di inú fìríìjì, kó tó pé wákàtí 2 tí mo sọ ọ́ kalẹ̀. Fìríìjì mi kì í kọjá 4°C. Ohun tí a ó jẹ láàárín ọjọ́ 3 sí 4 nìkan ló ń wà níbẹ̀. Ti Ọjọ́bọ̀ àti ọjọ́ Ẹtì, inú fírísà ni wọ́n ń lọ lọ́jọ́ tí mo bá sè wọ́n gan-an, ní -18°C. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dúró dìgbà tó bá ku díẹ̀ kó bàjẹ́ kí ẹ tó rántí fírísà.

—

Àǹtí, ẹ ṣeun gan-an. Ìrẹsì ló fọwọ́ bà mí ní tèmi. Èmi nìkan ni mò ń gbé, mo sè é lálẹ́, mo fi í sínú ìkòkò di àárọ̀, mo gbé e kaná, ó gbóná dáadáa, mo jẹ ẹ́ láago méje. Kó tó di aago mẹ́wàá, mo ti ń bì. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé mo gbà pé iná ń pa gbogbo nǹkan. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Kòkòrò àìfojúrí kan wà nínú ìrẹsì tó ń fi èèpo líle bo ara rẹ̀, omi híhó kì í pa á. Bí ìrẹsì bá pẹ́ ní wọ́ọ́rọ́, á jí, á pọ̀ sí i, á sì da oró síbẹ̀. Béèyàn gbé e kaná lẹ́ẹ̀mẹwàá, oró yẹn ò ní kúrò. Báyìí, mo ń tẹ́ ẹ sórí tíréè fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kó tó pé wákàtí kan ó ti wọ fìríìjì, ọjọ́ kejì ni mo ń jẹ ẹ́ tán.

—

Bàbá mi ni mò ń se oúnjẹ sílẹ̀ fún. Wọ́n ti lé ní ọgọ́rin ọdún, wọ́n sì ń dá gbé. Ní ìbẹ̀rẹ̀, abọ́ ńlá ni mò ń kó fún wọn. Wọ́n á yọ́ gbogbo rẹ̀, wọ́n á jẹ díẹ̀, wọ́n á tún dá a padà sí fírísà. Ọkàn mi ò balẹ̀ rárá. Mo wá ń bu ìwọ̀n ìjẹ kan sí abọ́ kan, mo sì ń fi kálámù dúdú kọ ọjọ́ sórí ìdérí gàdàgbà, nítorí ojú wọn. Lálẹ́, wọ́n á yọ ti ọ̀la kúrò ní fírísà sínú fìríìjì kó máa yọ́. Mo kọ́ wọn pé kí wọ́n rò ó lójú iná, kó máa rú èéfín dé àárín, nítorí mo bá wọn níbi tí wọ́n ti ń jẹ ọbẹ̀ tí etí rẹ̀ gbóná tí àárín rẹ̀ sì ṣì dì. Ẹ̀fọ́ ni mi ò kì í sè jinná tán, torí ó máa tún rí iná. Mi ò sì fi ọ̀dùnkún sí fírísà mọ́. Bó bá ti yọ́, omi ló kù.

—

Ẹ ṣé, àbúrò mi. Kí ọjọ́ Bàbá gùn. Abọ́ wo lẹ ń lò? Gíláàsì mi méjì ti là nínú fírísà.

—

Ẹ̀gbọ́n mi, àmín o. Ẹ má bù ú kún dé ẹnu. Omi máa ń wú bó bá ń di yìnyín, gíláàsì ò sì lè fẹ̀. Ẹ fi àyè bí ìka kan sílẹ̀ lókè, ẹ sì jẹ́ kó kọ́kọ́ tutù dáadáa nínú fìríìjì. Ike ni mò ń lò fún Bàbá, torí ọwọ́ wọn máa ń gbọ̀n.