Àbọ̀ ìbéèrè mi lórí cefazolin àti ara tó kọ penicillin

Ẹ ṣé o, gbogbo ẹ̀yin tí ẹ dá mi lóhùn. Ẹ rántí ohun tí mo bèèrè: aláìsàn tí wọ́n kọ sínú fáìlì rẹ̀ pé ara rẹ̀ kọ penicillin, ṣé a lè fún un ní cefazolin (oògùn apakòkòrò kan nínú ẹbí cephalosporin, tó bá penicillin tan) ṣáájú iṣẹ́ abẹ? A fún un. Ohunkóhun kò ṣe é.

Àlàyé rẹ̀ ló wù mí jù. 10% tí wọ́n fi ń dẹ́rù bà wá láyé àtijọ́, pé iye yẹn nínú àwọn tí ara wọn kọ penicillin ni ara wọn á kọ cephalosporin náà, ti ga jù. Penicillin díẹ̀ máa ń wà nínú àwọn cephalosporin àkọ́kọ́, ìyẹn sì wà lára ohun tó fà á. Nǹkan bí 2% ni wọ́n ń sọ báyìí. Kì í sábà jẹ́ òrùka beta-lactam (apá tí penicillin àti cephalosporin jọ ní) ni ara ń bá jà, ẹ̀ka tó so mọ́ ọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ni. Ẹ̀ka ti cefazolin sì dá yàtọ̀. Bó bá jẹ́ ampicillin, tó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn penicillin, ló fa wàhálà, cephalexin àti cefaclor nínú àwọn cephalosporin ni ká ṣọ́ra fún, torí ẹ̀ka wọn jọra.

Ẹni tí awọ ara rẹ̀ ti bó rí nítorí penicillin, irú àìsàn Stevens-Johnson, a kò ní dán cefazolin wò fún un rárá.

Wọ́n máa ṣe àyẹ̀wò awọ fún un láìpẹ́, bóyá wọ́n á pa àkọsílẹ̀ yẹn rẹ́. Mo ti rí ìdáhùn mi.